Adìyẹ Tó Sàba Lórí Alùpùpù Wolé-wolé

Bí o bá dúró lẹ́nu ọjà ní Igbó-Ọrà tí o pe "Bàbá Ìbejì", ó kéré tán, ọkùnrin mẹ́ta ni yóò yíjú sí ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ mi kò sí lára wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a bí àwọn ọmọ tiwa, wọ́n dàgbà, kálukú sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni ó lọ wá ìbejì tirẹ̀: alùpùpù àtijọ́ méjì, tí ìkankan nínú wọn kò lè dá rìn dé ìta. Ó gbé ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé èkejì sí ẹ̀yìn ilé níbi tí mo ti ń sá aṣọ nígbà òjò. Àràárọ̀ Sátidé ni ó máa ń wẹ̀ wọ́n, tí yóò nù wọ́n gbẹ, tí yóò sì fi òróró ra wọ́n lára. Nígbà kan mo bi í bóyá kí n máa se ẹ̀wà fún wọn kí wọ́n má baà bínú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fi nǹkan gidi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà. Ó ní ọ̀rẹ́ méjì. Ọ̀kan ni Bàbá Ìbejì, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tí mo wí yẹn, tó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èkejì ni Àlájì, tó ń ta gààrí àti láfún, ọ̀rẹ́ ọkọ mi láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sán Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbé àga síta, wọ́n á máa retí. Kí ni wọ́n ń retí? Alùpùpù tó ti darúgbó ni. Àwọn ọ̀kadà tó ń gbé èrò káàkiri ìlú kò jámọ́ nǹkan kan lójú wọn. Bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, wọn kì í gbójú sókè wò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ohùn èyí tó ti gbó láti òkèèrè, gbogbo wọn á na ọwọ́ sókè pé kí ayé dákẹ́. Mo ti dúró rí nítorí wọn, tèmi ti ọmọ odó tí mo gbé sókè, títí alùpùpù náà fi kọjá.

Kálukú ló ní bó ṣe ń dá wọn mọ̀. Bàbá Ìbejì á di ojú, á tẹ́ etí bí ẹni tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Àlájì á fi èékánná kan irin, á gbóòórùn ẹnu táńkì, á mi orí. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kàn máa ń wò ó ni, á wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́: ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá, irú ẹni tó máa ń gùn ún láyé ìgbà náà, bóyá pásítọ̀ ni tàbí ẹni tó ń ra ewé tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Jàpáànù: nínú ilé wa, ìwọ̀nyí kì í ṣe orúkọ ìlú òkèèrè mọ́. Wọ́n dà bí agboolé mẹ́ta ládùúgbò tí gbogbo wa mọ ìwà wọn. Gẹ̀ẹ́sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n a máa jo òróró sílẹ̀ ilé onílé. Jámánì kì í bá ènìyàn ṣeré. Jàpáànù kì í ráhùn. Fún un ní epo díẹ̀, á gbé ọ débi tí ò ń lọ. Mo gbọ́ ọ títí mo fi lè sọ ọ́ lórí, bẹ́ẹ̀ n kò jókòó tì wọ́n rí. Ilé ìdáná mi ló kàn sún mọ́ ìta jù.

Ẹnì kan tó máa ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún Àlájì láti Tápà ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní bàbá àgbà kan wà ládùúgbò àwọn, pé alùpùpù bàbá tó bí i wà nínú àká rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Wolé-wolé ni olóògbé náà nígbà ayé rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wọ ilé kiri láti wò bóyá àgbàlá mọ́, àti bóyá tanwíjí wà nínú ìkòkò omi. Àlájì béèrè pé irú alùpùpù wo ni. Ọkùnrin náà ní pupa ni. Ó tún rò ó, ó ní ó lè jẹ́ pé ó dógùn-ún ni. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ọkọ mi gbé sùn, òun náà ló sì gbé jí.

Ọjọ́ ọjà Tápà ni a lọ. Èmi tẹ̀lé wọn nítorí ẹ̀gúsí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ ketekete kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Ọkọ̀ tí Àlájì fi ń kó láfún ni a gbé. Wọ́n fi mí síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlájì tó ń wakọ̀, ọkọ mi àti Bàbá Ìbejì wà lẹ́yìn láàárín àwọn àpò. Àwọn méjèèjì múra bí ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó. Bàbá Ìbejì dé fìlà tó máa ń dé lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Ọkọ mi wọ ṣòkòtò dúdú tó wọ̀ lọ́jọ́ tí iléèwé rẹ̀ ṣe ìdágbére fún un. Kí a tó kọjá Ìdèrè, láfún ti kun ìdí ṣòkòtò náà funfun báláú. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo bá a gbọ̀n ọ́n nù. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ojú rẹ̀ ti wọ inú àgbàlá onílé lọ.

Bàbá náà jókòó sídìí ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ga, ó rù, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Àlájì sálámà sí i, ó dáhùn. Àwa yòókù kí i, ó kí wa, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ọkọ mi mu omi náà bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn àká. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá tó dìde. Bí ó ti ń ṣílẹ̀kùn, ó yíjú padà sí wa.

"Ẹ lè wò ó dáadáa," ó wí, "ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ń sàba."

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Ó hàn lójú ọkọ mi pé ó rò pé òun ṣì gbọ́ ni.

Inú àká ṣókùnkùn. Àgbàdo wà lókè, ọkọ́ àti agbọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, alùpùpù náà sì wà ní ìkángun pátápátá, ó fara ti ògiri. Awọ orí ìjókòó rẹ̀ ti jẹ tán, wáyà inú rẹ̀ ló kù, ẹnì kan sì ti kó koríko gbígbẹ sínú wáyà náà. Lórí koríko yìí ni àgbébọ̀ adìyẹ pupa kan wà, ó tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, ó sì wò wá bí ẹni tí àlejò jí lójú oorun. Bàbá ní ẹyin tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ní òun gbé alùpùpù yẹn kúrò lójú kan nígbà tí òmíràn ń sàba lórí rẹ̀ rí, adìyẹ náà kọ ẹyin sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, òun kò sì ní jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Báyìí ni àwọn àgbàlagbà mẹ́ta ṣe ká ọwọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn nínú àká. Èmi ni wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì fún. Ọkọ mi ń darí mi wúyẹ́wúyẹ́: tan án sí táńkì, gbé e wálẹ̀ díẹ̀, má tan án sójú adìyẹ. Bàbá Ìbejì tí kò rí ohùn gbọ́ bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ etí sí ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ ni bí adìyẹ ṣe ń kùn lókè orí rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní Jámánì ni, pé kò sí ibi tí òun kò ti lè dá ikùn Jámánì mọ̀. Ọkọ mi ní kí wọ́n wo táńkì bó ṣe rí rogodo bí ìbẹ́pẹ, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Àlájì tó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ní kí àwọn méjèèjì dákẹ́, Jàpáànù ni. Òun náà ni kò lè mú ọwọ́ mọ́ra. Ó na ìka láti fi èékánná kan irin náà, adìyẹ sì ṣá a lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó kàn ki ìka bọ ẹnu, ó sì tún sọ ọ́ pé Jàpáànù ni.

N kò rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ gbogbo rẹ̀, bí àwọn alàgbà ìjọ tó ń jà nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Bàbá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wọn, kò dá sí i. Mo rí i pé ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jáde, ó ní kí wọ́n padà wá bí ẹyin bá pa. Mo ra ẹ̀gúsí mi, a sì lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, ìlera adìyẹ yẹn di ọ̀rọ̀ ńlá nínú ilé wa. Bí ọkọ mi bá jẹun alẹ́ tán, á gbé fóònù, á pe bàbá Tápà, wọ́n á kí ara wọn tán, á wá béèrè pé adìyẹ yẹn ńkọ́, ṣé ó ń jẹun, ṣé kò sí ohun tó ń dà á láàmú. Mo jókòó, mò ń gbọ́. Mo rán an létí pé èmi náà gbé oyún nínú ilé yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, n kò sì rántí pé ó béèrè mi lálaalẹ́ báyìí. Ó rò ó dáadáa. Ó ní kò sí fóònù nígbà yẹn.

Àwòrán kan ṣoṣo ló rí yà nínú àká, adìyẹ ló sì gba iwájú rẹ̀ pátá. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn onífẹ̀ẹ́ alùpùpù tí wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Ẹnì kan fèsì pé adìyẹ náà sanra, kí Ọlọ́run jẹ́ kó pa á re. Ọkọ mi kò dá ẹni yẹn lóhùn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sùn lọ́sàn-án, èmi náà máa ń yọ́ wo àwòrán náà. N kò mọ ohun tó ń fà mí. Mo máa ń fi ìka fẹ̀ ẹ́ títí adìyẹ á fi kúrò nínú rẹ̀, tí yóò ku etí táńkì àti irin tó gbé e dúró. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò bá ara rẹ̀ mu, n kò sì lè sọ ohun tó jẹ́. Mo máa ń gbé fóònù padà síbi tó wà, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ tí bàbá pè pé ẹyin ti pa, ọkọ mi kò dúró gbọ́ bóyá àwọn ọmọ náà yè. Ó ti ń wá bàtà. Lọ́jọ́ kejì a ti wà ní Tápà, kò sì sí ẹni tó bi mí pé kí ni mo tún fẹ́ rà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé alùpùpù náà jáde sójú oòrùn bí ẹni gbé àgbà tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi kẹrosíìnì nù ún, koríko àti ìyẹ́ adìyẹ sì ń jáde láti ibi tí ènìyàn kò lè ronú kàn. Bàbá gbé àpótí, ó jókòó tì mí, ó ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún mi. Ó ní bí alùpùpù yẹn bá ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ìlú, àwọn ènìyàn máa ń ní ohun tó ń wí ni pé, ẹ gbálẹ̀, ẹ gbálẹ̀, ẹ gbálẹ̀. Kí ó tó dé ọjà, gbogbo agboolé ti dìde: àwọn obìnrin á máa da omi tanwíjí nù, àwọn ọkùnrin á máa wá ìgbálẹ̀ tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí. Wolé-wolé á wọlé, á bá ilé tó mọ́, á yìn wọ́n, á lọ. Ó ní bàbá òun kú láìmọ̀ pé ohùn alùpùpù ló ń mú kí Tápà mọ́, kì í ṣe òun.

Kò pẹ́ tí a tún fi gbọ́ ohùn àwọn mẹ́ta. Kò sí adìyẹ mọ́ tó ń kó wọn níjàánu, nítorí náà wọ́n sọ ọ́ jáde. Ọkọ mi fi igi ya táńkì Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ yẹ̀pẹ̀. Bàbá Ìbejì fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ kí ó lè rí àyè ya ẹ́ńjìnnì Jámánì. Àlájì ní òun kò ní ya nǹkan kan, kí ẹni tó bá lójú wo ẹsẹ̀ iwájú. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ìgbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àlájì, tí wọ́n jọ ṣeré láti kékeré, ní "ẹ̀yin", mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń le.

Mo dìde láti lọ pàrọwà fún wọn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù náà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tí mo ti ń wá nínú àwòrán. Irin tó gbé táńkì dúró ní ojú ihò méjì tó ṣófo, tí kò sí ohun tó wọ inú wọn. Táńkì ní tirẹ̀ kò ní ojú ìdè kankan níbẹ̀; rọ́bà táyà àti wáyà ni wọ́n fi so ó láti abẹ́, wọ́n sì fi pátákó pẹlẹbẹ kan há a kí ó má baà mì.

"Dádì," mo wí fún ọkọ mi, "ṣé táńkì yìí bá ara yìí wáyé ni?"

Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ táńkì, ó pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Ìbejì náà kúnlẹ̀ sídìí ẹ́ńjìnnì, Àlájì lóṣòó sídìí ẹsẹ̀ iwájú. Ìgbà náà ni bàbá onílé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tó jọ pé ó ti ń pa mọ́ra láti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wá.

"Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ti ẹlòmíràn ni bàbá mi fi ń dí i," ó wí. "Ó já sí kòtò lọ́jọ́ kan, ó lọ gba táńkì lára èyí tí tíṣà kan ti pa tì. Ẹ́ńjìnnì, ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ló ti rà á. Ẹsẹ̀ iwájú yẹn, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe dè é; mo ti ń roko nígbà náà. Mo rò pé ẹ ó bi mí. Nígbà tí ẹ kò bi mí, ọ̀rọ̀ yín dùn létí, mo sì ní kí n máa gbọ́."

Bí a bá wò ó dáadáa, gbogbo wọn ló jàre. Gẹ̀ẹ́sì ni táńkì, Jámánì ni ẹ́ńjìnnì, Jàpáànù ni ẹsẹ̀ iwájú. N kò tíì rí ibi tí ènìyàn mẹ́ta ti jọ jàre tí ojú gbogbo wọn sì fà ro bẹ́ẹ̀. Ohun tí kálukú fẹ́ ni pé kí àwọn méjì yòókù jẹ̀bi. Ní ti ara irin fúnra rẹ̀, èyí tó gbé gbogbo ìyókù dúró, kò sẹ́ni tó lè sọ. Wọ́n ha á, wọ́n fọ̀ ọ́, kò sí àmì, kò sí lẹ́tà kankan. Wọn kò tíì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìgbà tí ara wọn balẹ̀, ọkọ mi nu ọwọ́, ó tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ń kọ́ sórí láti ọjọ́ pípẹ́: pé bí bàbá bá lè yọ̀ǹda alùpùpù náà fún àwọn, àwọn yóò tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, àwọn yóò sì fi nǹkan tó dára tẹ́ bàbá lọ́rùn. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin, ó dúpẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá ni wọ́n wá, òun ì bá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kí àyè lè gba àgbàdo.

"Ṣùgbọ́n àgbàlagbà bíi tiyín wá láti Igbó-Ọrà," ó wí, "ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé e lórí. N kò mọ̀ pé ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ níyì tó báyìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ kó lọ?"

Ó ní pálọ̀ ni òun yóò gbé e sí, kí wọ́n máa wá wò ó nígbàkúùgbà. Ó fi iṣu ta wá lọ́rẹ. Ọkọ mi gba iṣu náà, ó dúpẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n wá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé tà.

Ní tòótọ́, ọkọ mi ṣe mí láàánú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí bí nǹkan bá dùn ún. Bàbá Ìbejì náà rí i. Ó ní òun nìkan yóò jókòó lẹ́yìn, kí èmi àti ọkọ mi jọ há ara wa mọ́ iwájú. Bí a ti ń lọ, ọkọ mi bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ nípa táńkì náà.

"Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ táńkì lẹ́nu ọ̀nà ìdáná mi láti ìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì," mo wí. "Ṣé ẹ rò pé etí mi ń sùn ni?"

Àlájì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yà sínú igbó. Ọkọ mi gbìyànjú láti máa bá ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ, kò ṣeé ṣe, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi mí, bí ẹni tí kò kà á sí, pé kí ni mo rò nípa ara irin náà. Mo sọ èrò mi fún un. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. A jà á títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

A ti padà sí Tápà lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bàbá gbé alùpùpù náà sí pálọ̀ lóòótọ́, ó fi aṣọ funfun bò ó, ẹni tó bá fẹ́ wò ó ní láti bọ́ bàtà. Ní Igbó-Ọrà, àga mẹ́rin ni wọ́n ń gbé síta lọ́sàn-án Sátidé báyìí. N kì í jókòó pẹ́, mo ní iṣẹ́ láti ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbátan wa kan ní Èrúwà fi àwòrán alùpùpù kan tó rí nínú ọgbà ẹnì kan ránṣẹ́, ó ní kí a bá òun wò ó. Kí n tó gbọn omi ọwọ́ mi nù, ọkọ mi ti ní Jámánì ni. Mo ní kó wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bí òróró ṣe sọ ọ́ di dúdú, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní ilẹ̀ Èrúwà ló dúdú bẹ́ẹ̀. Níbi tí a ti ń tì í síwá sẹ́yìn ni ọbẹ̀ ìlasà ti jóná lórí iná, búrẹ́dì ni a sì jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, òun lápá kan tábìlì, èmi lápá kejì, pẹ̀lú fóònù láàárín wa.